Ẹgbàáfà Tí Kò Lórúkọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún wọlé dáadáa, kí òjò má pa yín lẹ́yìn. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ abẹ́ àtíbàbà ọdẹ, ìtàn ni yóò kọ́kọ́ jẹ, nítorí ẹran tó wà lórí ààrò yẹn kò tíì jinná, mi ò sì ní í fún ẹnikẹ́ni ní tútù. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí tí mo wo ẹfọ̀n lójú, tí ẹfọ̀n kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Èmi ni iwin olórí méjì pàdé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí orí kan ní kí àwọn sá, tí orí kejì ní ẹsẹ̀ ti ń lọ ná. Igbó tí n kò wọ̀ rí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n igbó kan wà tí n kò wọ̀, obìnrin ló wọ̀ ọ́, obìnrin tí kò gbé ìbọn, tí kò ju ọ̀kọ̀ rí láyé rẹ̀. Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí náà iyọ̀ tí mo fi sí i kò pọ̀.

Ìlú wọn ni Etí-Igbó, ibẹ̀ ni èmi náà ń gbé. Ọjà kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn àti àwọn ará inú igbó jọ ń ná. Ẹ má bojú wẹ̀yìn o! Mo ní àwọn ará inú igbó, ẹ mọ àwọn tí mò ń wí. Ènìyàn yóò gbé ẹrù rẹ̀ sórí àpáta, yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò máa gbọ́ bí ewé gbígbẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. Nígbà tó bá yíjú padà, ẹrù ti lọ, owó ti wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn náà ni wọ́n ti ń ra oyin tí kì í tán nínú ìgò, àti irin tí kì í dípẹta, àti òrí tí a fi ń pa ojú ibi tí eegun ti ṣẹ́ tí yóò sì so pọ̀.

Owó mẹ́ta ni wọ́n ń ná lọ́jà náà. Náírà wa yìí ni ọ̀kan. Owó ẹyọ ni èkejì, nítorí àwọn àgbà inú igbó kì í gba bébà. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́! Ọjọ́ tí ènìyàn kò tíì lò, tó ṣì wà níwájú rẹ̀ nílé ayé. Bí àìsàn ọmọ bá le tó bẹ́ẹ̀ tí náírà kò ràn án mọ́, ìyá lè yọ ọjọ́ kan tàbí méjì nínú tirẹ̀ kó fi ra ìwòsàn. Wọn kì í fi ṣeré. Orúkọ rẹ̀ gan-an, wọn kì í pè é sókè.

Bàbá arúgbó kan, Ajíbógun, ló ń fi orí mọ ẹni tó jẹ ẹnìkejì ní gbèsè. Ìwà kan wà lọ́wọ́ bàbá náà tó ń bí àwọn ọ̀dọ́ nínú: kò ní í pe iye kan láìpe owó tó jẹ́ mọ́ ọn. Kò ní í sọ pé “ogójì” láéláé. “Ogójì náírà” ni yóò wí, tàbí “ogójì ẹyọ,” bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ yé gbogbo ayé. Nígbà tí bàbá kú, ìlú ránṣẹ́ pe Ìbídùnní láti ìlú ńlá, níbi tó ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀lé, bí ẹni ń kọ́ ajá lọ́dẹ. Ó kọ ọ̀kan fún wọn tí wọ́n lè máa wò lórí fóònù: ẹni tó rà, ẹni tó tà, iye tó kù. Ìlú jó, ìlú yọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kánjú, a kì í sì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé nọ́ńbà ni nọ́ńbà. Ó kọ iye sílẹ̀ ní ìhòòhò, kò wọ aṣọ orúkọ fún un.

Ìbídùnní ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Ọdẹ́rìnlọ, ọdẹ ni bíi tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó mi í ta. Ọkùnrin yìí ra irin ìbọn lọ́wọ́ àwọn ará inú igbó ní ẹgbàáfà owó ẹyọ, ó ní òun yóò san án bí òjò bá dá. Òjò dá. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, gbogbo adìyẹ ìlú ṣàdédé wọ ilé lọ sùn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Agbagbèsè, tó ń bá àwọn ará inú igbó gba gbèsè, ti wọ ìlú. Kò sí ẹni tó rí ojú rẹ̀. Wọ́n kàn rí i pé koríko dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀nà, tí kò sì dìde mọ́. Ó wọ ilé Ọdẹ́rìnlọ, ó wo fóònù tó wà lórí àpótí: Ọdẹ́rìnlọ, 12000. Ó kà á bó ṣe wù ú, ó gba tirẹ̀, ó lọ.

Ọdẹ́rìnlọ ń jẹ iṣu lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ní agbedeméjì àwo àti ẹnu. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, bí òkúta tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí Ìbídùnní sáré dé, ìyá wọn ti jókòó tì í, ó di fóònù náà mú bí ẹni di ejò mú lọ́rùn.

“Ìbídùnní, ta ló kọ nǹkan yìí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Kí lo kọ?”

“Ẹgbàáfà ni, Màmá.”

“Ẹgbàáfà kí ni?”

Ìbídùnní wo nọ́ńbà tó wà lójú fóònù náà. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé e. Ẹgbàáfà ọjọ́! Ó dín díẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, àfi díẹ̀ tó ṣẹ́kù bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Díẹ̀ náà kò tó láti gbé ara dìde, ó kàn tó láti má jẹ́ kí wọ́n sin ín ni. Ó sì ń gbẹ lọ.

Ìyá wọn wọ inú yàrá, ó wọ́ àpò owó ẹyọ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ jáde, ó ka ẹgbàáfà sínú àpò mìíràn. “Ohun tó jẹ nìyí,” ó ní. “Gbé e tọ̀ wọ́n lọ. Kí wọ́n gba tiwọn, kí wọ́n fún mi ní tèmi.” Gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ èmi Ọdẹ́gbàmí pé kí n sìn ín lọ. Orúnkún mi ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?

Ìbídùnní gbé àpò karí, ó fi fóònù sínú ìró, ó wọ igbó lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé ìjàlọ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó: àwọn nǹkan kéékèèké ni, wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ, wọn kò ní ojú, ẹnu nìkan ni wọ́n ní. Wọ́n ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi ohùn ẹ̀fọn ké: “Ìyá! Ìyá wa!”

Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. “Ta ni yín? N kò bí ọmọ rí.”

“O bí wa,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí ọdẹ mẹ́ta ta ẹran ní ọgọ́rùn-ún náírà, tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ rẹ pín in, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti póńtù, ìyẹn àmì tó ṣáájú èérún tí kò tó odindi, ó ń to mẹ́ta tẹ̀lé mẹ́ta, mẹ́ta tẹ̀lé mẹ́ta, títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì gé e. Ibi tó gé kúrò ni àwa. Kò sí ẹni tó gbà wá. Kò sí ẹni tó wá wa. Ìyá, ta ló ni wá?”

Bí wọ́n ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ń mí lẹ́yìn igi. Ó jáde. Ó ga tó àká. Èérún wọ̀nyí ló lẹ̀ mọ́ ara wọn tó dì í, gbogbo ẹnu wọn ń là, wọ́n sì ń pa dé lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níwájú Ìbídùnní. Ó ní: “Ọgọ́rùn-ún òkúta. Ènìyàn mẹ́ta. Má fọ́ òkúta kankan. Má fi òkúta kankan sílẹ̀. Bí o bá ṣì í, ìwọ náà yóò di èérún.”

Ìbídùnní kúnlẹ̀, ó pín in. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀kan kù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì ń gbóná bí ẹyín iná. Ó fẹ́ jù ú nù, ṣùgbọ́n ó rántí pé jíjù nù ló bí gbogbo ẹnu wọ̀nyí. Ọkàn rẹ̀ lọ sí bí ìyá wọn ṣe máa ń pín ẹja nílé: kí ọ̀bẹ tó kan ẹja rárá, ìyá yóò ti wí pé, “Ọdẹ́rìnlọ ló ni orí lónìí.” Kò sì sí ìjà.

Ó ké lójú oró pé, “Ẹ̀gbọ́n pátápátá ló ni ìyókù!”

“O ti pín kí o tó wí,” ni nǹkan náà dáhùn. “Èyí tí a bá sọ lẹ́yìn pípín, àwáwí ni. Kó wọn jọ.”

Ó kó wọn jọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lé ròrò. Ó kọ́kọ́ wí i, lẹ́yìn náà ló pín: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù. Òkúta gbígbóná náà tutù. Àwọn èérún bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára rẹ̀ bí èso tó pọ́n, nǹkan ńlá náà sì tú ká sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Èyí tó kẹ́yìn wí jẹ́jẹ́ sí Ìbídùnní létí pé, “Ẹni tó ni wá nìkan la fẹ́ mọ̀.”

Ẹ máa gbọ́ mi o! Bó bá ṣe èmi ni, n bá ti gbé òkúta yẹn mì.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ló já sí ìlú kan. Ilé wà, ọ̀nà mọ́, àwọn ènìyàn ń lọ wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n iwájú orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ dé àgbọ̀n, bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Oòrùn ibẹ̀ kò gòkè, kò sì wọ̀. Ohun tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ, iye ni. Ọ̀kan á ní, “Mẹ́jọ,” èkejì á ní, “Mẹ́tàdínlógún,” wọ́n á sì kọjá lára ara wọn. Òùngbẹ ń gbẹ Ìbídùnní. Ó tọ obìnrin kan lọ lẹ́nu ilé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe omi. Obìnrin náà gbé igbá omi tútù jáde. Láti ibi tí ẹnu ìbá wà, ohùn kan wá: “Èló?”

Ìbídùnní fi ọwọ́ kan ìdí ìró rẹ̀, ó rántí pé ogún náírà wà níbẹ̀. Ó ní, “Ogún.”

“Ogún,” ni obìnrin náà wí.

“Ogún,” ni àwọn ará ilé rẹ̀ gbà á. Wọ́n jáde, wọ́n tò yí i ká, wọn kò le, wọn kò kígbe. Wọ́n gbé e jókòó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni gbé ìyàwó tuntun. Ọ̀kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka ìka rẹ̀. Ọ̀kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń ka ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́wàá, àti mẹ́wàá. Ó pé. Obìnrin náà mú ọ̀bẹ kékeré kan jáde, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀.

Nígbà náà ni Ìbídùnní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ìlú náà, kò sí olè. Wọ́n fẹ́ gba ohun tó wí ni. Nígbà tí ojú ọ̀bẹ tutù mọ́ ọmọ ìka rẹ̀, ó figbe ta: “Ogún náírà! Mo ní ogún náírà! Ti ilẹ̀ wa!”

Ọ̀bẹ dúró. Bí ẹni pé a da omi sára ògiri, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí obìnrin náà, imú yọ, ẹnu yọ, ẹnu náà sì ń gbọ̀n. “Náírà,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí a jí lójú oorun. “Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ orúkọ kan níbí.” Ó gba owó bébà náà, ó gbé e mọ́ àyà. Ìbídùnní kò dúró mu omi. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ẹṣin bá já ìjánu, ẹ má bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Ó bá Agbagbèsè lábẹ́ igi tó ti kú. Aṣọ funfun ló wà lára rẹ̀, ó ga, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Kò sí ibi tí ojú Ìbídùnní lè dúró sí lára rẹ̀. Bí ó bá wò ó, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀ tó ń wò.

“Káàbọ̀, akọ̀wé,” ó ní. “Mo ka ohun tí o kọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, orúkọ owó kò sí níbẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí. Nígbà tí kò sí, mo sọ ọ́ ní èyí tó wù mí.”

Ìbídùnní sọ àpò kalẹ̀. “Ẹgbàáfà owó ẹyọ rèé. Ohun tó jẹ yín nìyí.”

Agbagbèsè jókòó, ó kà á ní márùn-ún márùn-ún, kò yára, kò sì ṣì. Nígbà tó kà á tán ó ní, “Ó pé. Ṣùgbọ́n wo fóònù rẹ. Gbèsè ẹgbàáfà, mo gba ẹgbàáfà, kò ku nǹkan kan. Gbèsè ti tán kí o tó dé. Ọrẹ ni èyí. Mo dúpẹ́.”

“Ọjọ́ kì í pa gbèsè ẹyọ, bàbá.”

“Ẹ̀rọ rẹ sọ pé ó pa á.”

“Ẹ̀rọ mi kò mọ̀. Èmi tí mo kọ ọ́ mọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa, jẹ́ kí á pààrọ̀. Èló ni ọjọ́ kan nínú owó ẹyọ lónìí? Igba. Ó ti di ọ̀ọ́dúnrún. Bí o ti ń mí yìí, ó ti gòkè sí i. Èló lo fẹ́ rà?”

Ìbídùnní rí ihò tó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá fi lè dá iye owó kan lé e, ó ti gbà pé ọjà ni. “N kò wá rà,” ó ní. “Ẹgbàáfà owó ẹyọ ni Ọdẹ́rìnlọ jẹ yín, ẹ sì ti gbà á. Ẹgbàáfà ọjọ́ ayé Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Etí-Igbó, wà lọ́wọ́ yín láìtọ́. Ẹ dá a padà.”

Ewé dákẹ́ nínú igbó. Ẹni tó bá pe ohun rẹ̀ ní orúkọ pátá, iye rẹ̀, irú rẹ̀, àti ẹni tó ni ín, wọn kò gbọdọ̀ fi dù ú níbẹ̀. Agbagbèsè dìde, ó mú un lọ sẹ́yìn igi, níbi tí ìkòkò kan wà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu kànga. Ó ṣí i.

Ọjọ́ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n funfun, wọ́n rọ̀ bí ẹyin alángbá, wọ́n sì ń mí. Gbogbo wọn jọra.

“Ka tìrẹ,” ni Agbagbèsè wí.

“Èwo ni tirẹ̀ nínú wọn?”

“Ṣé nọ́ńbà kọ́ ni nọ́ńbà? Àyè kan ṣoṣo lo là sílẹ̀ fún gbogbo owó nínú ẹ̀rọ rẹ. Èmi náà fi ìkòkò kan ṣoṣo gbà wọ́n.”

Ìbídùnní dojú bo ẹnu ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pè é ní Ọdẹ́rìnlọ, ó pè é ní Àjàní, ó pè é ní orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń bú u ní kékeré. Àwọn ọjọ́ kan mì, wọ́n yí wá síbi ohùn rẹ̀. Ó ń kó wọn sínú àpò bí wọ́n ti ń bọ̀. Ó pè títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ń dín kù, ọ̀kan á wá, á tún pẹ́ kí òmíràn tó wá, nígbà tó sì yá, kò sí èyí tó mì mọ́. Ó ka ohun tó wà nínú àpò. Kò pé.

“Àwọn tó kù ti jìn sísàlẹ̀,” ni Agbagbèsè wí. “Bí o bá dúró, wọ́n lè gbọ́. Díẹ̀ tó ń gbẹ lọ lára ẹ̀gbọ́n rẹ nílé ń kọ́?”

Ó rí ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, tó jókòó ti ẹni tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó wo àwọn ọjọ́ tó kù nínú ìkòkò, tí wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí wọn kò jẹ́ orúkọ tó pè. Ọjọ́ àwọn mìíràn ni. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bù ú, ó fi kún tirẹ̀ títí ẹgbàáfà fi pé. Agbagbèsè ń wò ó, kò dá a dúró. Ìbídùnní wí fún mi pé wíwò yẹn ba òun lẹ́rù ju ọ̀bẹ lọ.

Nígbà tó délé, ó da àpò náà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyà. Àwọn ọjọ́ náà wọ inú ara rẹ̀ bí omi ṣe ń wọ inú iyanrìn. Ojú Ọdẹ́rìnlọ ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ parí ìrìn rẹ̀ dé ẹnu. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ń wò mí báyìí?” Ìyá rẹ̀ ṣubú lù ú, ìlú sì hó. Ìbídùnní jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó tú gbogbo ètò náà palẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí iye tó ń wọ inú rẹ̀ láìsí orúkọ owó lára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ro ẹyọ mọ́ náírà, ẹ̀rọ náà á kọ̀ jálẹ̀. Kò lo póńtù fún owó mọ́: kọ́bọ̀ ló ń kà, ní odindi, ẹni tó ni ìyókù sì ti wà ní àkọsílẹ̀ kí pípín tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ń bá Ọdẹ́rìnlọ ṣọdẹ lẹ́yìn ìgbà náà. Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kan wà tí mo lọ pè é. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹrù lérí, ó ń wo òpópó bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà odò wo ló lọ sí ilé wa? Àwẹ̀ró ń retí mi. Mo ní n kò ní í pẹ́.”

Àwa kò mọ Àwẹ̀ró kankan. Kò sì sí odò ní Etí-Igbó. Ìbídùnní nìkan ló mọ ìkòkò tí ọjọ́ yẹn ti wá.

Ìbídùnní jáde, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá mú jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. “Ẹ wá jókòó, ẹ jẹun ná,” ó ní. “Ọ̀la ni ẹ ó lọ.” Ìyá wọn gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ka iwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìtìjú, bí àlejò tí ebi ń pa. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó bí i, ó ní, “Ẹ ṣeun, Màmá. Ibikíbi tí ọmọ tiyín bá wà lónìí, yóò rí ẹni ṣe é lóore.”

Ìyá náà wo ojú rẹ̀.

“Àmín,” ó ní.